Ọba Tó Wọ Àjà

Ìtẹ́ ṣófo.

Ìbíwùmí gbé iná pupa ọwọ́ rẹ̀ sún mọ́ ògiri àpáta, ó tún wò ó. Òwú wà níbẹ̀, ó ta láti igun kan dé èkejì bó ṣe ń ta láti ọjọ́ tó ti di Ẹmẹsẹ̀ ihò náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jókòó lé e. Ẹ̀gbẹ́ kan ti já, ó ń fì nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí kò yẹ kó dé inú ihò rárá. Ọyẹ́ ọdún yìí ti ya aláìlójútì, ó ń wọ ààfin láì kan ilẹ̀kùn.

"Kábíyèsí," ó pè é kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ wà?"

Ẹni tó bá gbọ́ ọ á ní orí rẹ̀ ti yí. Aláǹtakùn funfun kan ló ń kí, kò tó èékánná, bẹ́ẹ̀ ni kò lójú kankan lórí. Ṣùgbọ́n ọba ni lójú òfin. Nígbà tí òkun ti gbé Èkó mì, tí ẹranko àti kòkòrò ń tán lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìjọba bẹ̀ wá títí, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀ mọ́ wa, a kò gbọ́. Ọlọ́gbọ́n kan ló wá sọ fún wọn pé ohun kan ṣoṣo tí ìran wa kì í wò lójú ni adé. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohunkóhun tó bá kù díẹ̀ kó parun jọba. Ibi tó ń gbé di ààfin, ohun tó wà nínú ààfin di tirẹ̀, ó parí.

Ohun tó wà nínú ààfin yìí ni omi. Ó wà lẹ́sẹ̀ Ìbíwùmí báyìí, adágún dúdú kan tó tutù bíi yìnyín, tó sùn láìmira. Gbogbo Òkè-Ìjàrá ló mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tọ́ ọ wò rí.

Ó tan iná sójú omi, bóyá á rí òkú tó léfòó. Akọ tó kẹ́yìn ti kú nígbà tí òjò parí, abo kan ṣoṣo yìí ló kù, kì í ṣe ní ìlú yìí nìkan, ní gbogbo ayé. Bó bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn. Ó ń wá a léti omi nígbà tí fọ́nrán òwú kan kàn án níwájú orí. Ó gbójú sókè.

Ọba wà lókè. Ó ń gun àjà ihò lọ, ẹsẹ̀ gígùn kan tẹ̀ lé èkejì, ó ń lọ síbi tí àpáta ti là, tí ọ̀rinrin ṣì wà. Ohun kan wà lẹ́nu rẹ̀, róbótó, ó funfun, kò ju hóró ọkà bàbà lọ. Ẹyin ni. Ó fi òwú dì wọ́n pọ̀, ó fi ẹnu gbé e bí ológbò ṣe ń fi ẹnu gbé ọmọ rẹ̀ kúrò níbi tí kò bá a lára mu.

Ìbíwùmí rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ọba ti yé ẹyin! Àwọn tó ṣe òfin kò ronú dé ibẹ̀. Ó rìn jáde kúrò nínú ihò bí ẹni tó lọ gba ìwúre bọ̀, ó tilẹ̀ gbàgbé pé òùngbẹ ń gbẹ òun.

Àwọn èèyàn ti pé sẹ́nu ihò. Àárọ̀ gbogbo ni wọ́n ń wá, wọ́n á gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo wọn dání, àwọn ọkùnrin á ṣí fìlà. Bí àlejò bá rí wọn, á ní ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe fẹ́ràn ọba wọn tó. Ọlọ́run ló mọ̀ pé ikú ọba ni wọ́n wá ń retí. Ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n rọra retí ni Etí, ẹ̀rọ ìjọba tó wà lórí òpó níbẹ̀, tó fẹ̀ bí ewé kókò. Bí ẹnikẹ́ni bá bu ife omi kan nínú ààfin, Etí á gbọ́, á sì pa gbogbo ẹ̀rọ afúnrì tó wà lórí òrùlé ìlú. Afúnrì ló ń fún omi jáde nínú afẹ́fẹ́ fún wa. Lásìkò ọyẹ́, díẹ̀ ló ń rí fún, ṣùgbọ́n díẹ̀ yẹn ni gbogbo ìlú ń gbé mì.

"Ẹmẹsẹ̀," ni Etí wí. Ohùn rẹ̀ dùn, ó lọ́wọ̀. Inú ìwé àtijọ́ ni wọ́n ti kọ́ ọ ní Yorùbá, kò gbé ilé ẹnikẹ́ni rí. "Ṣé ọba wà lórí ìtẹ́?"

Èsì ojoojúmọ́ ni pé ọba wà lórí ìtẹ́. Ṣùgbọ́n ọba kò sí lórí ìtẹ́ lónìí, Ẹmẹsẹ̀ kì í sì í purọ́. Ayọ̀ ti gba Ìbíwùmí lọ́kàn, ẹnu rẹ̀ gbẹ, ọ̀rọ̀ sáré jáde.

"Rárá o! Kò sí lórí ìtẹ́. Ó ti wàjà!"

Ó gbọ́ ọ bó ṣe ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ Ẹmẹsẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di iná mú: ihò kò ní àjà, òrùlé ló ní. Má ṣe pe àjà láéláé. Ìbíwùmí sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n inú ilé ìyá rẹ̀ ló dàgbà sí, níbi tí wọ́n ti ń kó àgbàdo sájà kí eku má baà jẹ ẹ́, tí ológbò sì ń wọ àjà lọ bímọ. Bí inú èèyàn bá dùn, èdè ilé ìyá rẹ̀ ló máa ń bọ́ sí i lẹ́nu.

Etí fọn kàkàkí, ohùn kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí ní Òkè-Ìjàrá.

"Ọba wàjà," ó kéde. "Ẹ ṣọ̀fọ̀. Ẹmẹsẹ̀ nìkan ló lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà kí oòrùn tó wọ̀. Bó bá dákẹ́, ó ti gbà. Ààfin á padà di ti ìlú."

Gbogbo èèyàn wólẹ̀, òfin ni. Ibi tí wọ́n dojú bolẹ̀ sí ni ẹnì kan ti bú sẹ́rìn-ín, ó fẹ́ pa á mọ́ra, kò lè pa á mọ́ra. Ni ẹ̀rín bá ran gbogbo wọn. Àwọn arúgbó ń sunkún, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín nínú ekuru.

Fọlárìn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ omi, ló kọ́kọ́ dìde. Ó gbá Ìbíwùmí mọ́ra. "Ọmọ ìyá mi," ó ní, "Ọlọ́run ti gbọ́ o. Ọmọ mi ò ní kú mọ́."

"Bọ̀dá mi..."

Ètè Fọlárìn ti là nítorí ẹ̀rín, ẹ̀jẹ̀ yọ lójú ibi tó là. Kò tilẹ̀ mọ̀. Ó ti yí padà, ó ń pariwo pé kí wọ́n lọ gbé pọ́ǹpù wá.

Ilé Fọlárìn ni Ìbíwùmí gbà lọ. Afúnrì orí òrùlé ibẹ̀ ń kérora lásán, ike tó wà lábẹ́ rẹ̀ gbẹ táútáú. Mọrádékẹ́, ìyàwó Fọlárìn, jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìkókó lórí ẹsẹ̀.

"Eyínmẹ́nugún, ẹ káàbọ̀," ni Mọrádékẹ́ wí. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, eyín Ìbíwùmí tó tò rẹ́gí ló sì fi sọ ọ́ lórúkọ tirẹ̀. "Mo gbọ́ kàkàkí. Ṣé òótọ́ ni?"

"Báwo lọmọ?" ni Ìbíwùmí fi dá a lóhùn.

"Ọyàn ti gbẹ. Ó ń fà á, afẹ́fẹ́ ló ń mu." Mọrádékẹ́ fi ìka kan ètè ọmọ náà. "Kò sunkún mọ́ látàárọ̀. Ẹkún rẹ̀ ló ti ń bà mí nínú jẹ́ tẹ́lẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ìdákẹ́ ló burú jù."

Ọjọ́ kẹjọ ọmọ náà ti kọjá tipẹ́, kò tíì lórúkọ. Oyin wà nílé, iyọ̀ wà, orógbó wà. Omi tí wọ́n á fi sọ ọ́ lórúkọ ni kò sí, Fọlárìn sì ti búra pé òun kò ní gbé abọ́ òfìfo kalẹ̀ kí òun máa wí pé omi kì í ní ọ̀tá. Ìbíwùmí gbé ọmọ náà. Ó fúyẹ́. Ahọ́n rẹ̀ funfun, kò sì sí itọ́ kankan lẹ́nu rẹ̀. Bó ṣe gbé e yẹn ló rántí ohun róbótó tó wà lẹ́nu ọba, inú sì bí i sí ara rẹ̀ pé ó lè fi àwọn méjèèjì wé ara wọn.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tó padà sẹ́nu ihò. Fọlárìn wà níbẹ̀, òun nìkan, ó ń so ọ̀pá pọ́ǹpù pọ̀. Ìbíwùmí fà á lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn àpáta ńlá kan, níbi tí Etí kò ti lè gbọ́ wọn.

"Bọ̀dá mi, ọba ò kú."

"Kí lo wí?"

"Àjà ihò ni mo ní lọ́kàn. Ó gun òkè lọ ni, ó gbé ẹyin rẹ̀ sẹ́nu. Ẹnu mi ló ṣe mí."

Fọlárìn wò ó títí. "Àjà," ó ní.

"Àjà, sà."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti àárọ̀. "Gbogbo ààwẹ̀ tí a gbà, gbogbo òkè tí a gùn. Àṣé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ṣe é."

"Tí mo bá dákẹ́, ẹ máa fa omi yẹn gbẹ. Tómi bá gbẹ, á kú, ẹyin á kú. Kò sí irú rẹ̀ mọ́ níbì kankan, Bọ̀dá mi. Kò sí mọ́ láyé."

"Tóo bá sọ̀rọ̀ ńkọ́?"

Àwọn méjèèjì ló mọ ìdáhùn rẹ̀.

"Mi ò ní dí ẹ lẹ́nu," ni Fọlárìn wí. "Ìwọ ni Ẹmẹsẹ̀, ìjọba ò fi mí ṣe é. Ṣùgbọ́n tóo bá ti sọ ọ́ tán, tètè máa bọ̀ nílé. Ká sọ ọmọ yẹn lórúkọ lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ itọ́ ẹnu wa la máa fi ṣe é. Mi ò lè sin ẹni tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀."

Ó padà sídìí pọ́ǹpù rẹ̀. Kò wẹ̀yìn.

Ìbíwùmí lọ dúró síwájú Etí. Oòrùn ti pọ́n, ó ń wọlẹ̀ lọ lẹ́yìn òrùlé àwọn tí òkun lé wá láti Èkó.

"Ẹmẹsẹ̀," ni Etí wí, "oòrùn ń wọ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ rẹ dúró?"

Ó la ẹnu. Ó fẹ́ sọ pé àṣìsọ ni. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, ó wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó kórìíra òfin lọ́jọ́ náà, ó kórìíra Etí, ó kórìíra gbogbo baba ńlá tó fi ayé sílẹ̀ fún wa báyìí, tí wọ́n mu tiwọn tán, tí wọ́n ní ká wá yan èyí tí yóò kú nínú ọmọ aláǹtakùn àti ọmọ èèyàn. Ẹyin lohùn, àwọn àgbà wí bẹ́ẹ̀, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Wọn kò sọ ohun tó yẹ kéèyàn ṣe bó bá jẹ́ pé ẹyin méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ balẹ̀.

Ó pa ẹnu dé. Oòrùn wọ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú tán, pọ́ǹpù ti ń hó, omi ti ń dà sí kẹ́ẹ̀gì. Wọ́n sọ ọmọ náà lórúkọ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn gan-an, Omíyalé ni wọ́n pè é. Wọ́n gbé abọ́ náà yí ká, olúkúlùkù tọ́ ọ wò, wọ́n sì fi díẹ̀ kan ọmọ náà lẹ́nu. Ìbíwùmí tọ́ ọ wò. Omi náà dùn. Ó dùn ún pé ó dùn. Mọrádékẹ́ mu abọ́ kan tán láìsinmi, ó tún mu òmíràn, nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, Omíyalé ti ń ké tòò bí ẹni tí wọ́n jí lẹ́rù. Gbogbo agboolé bú sẹ́rìn-ín nítorí ariwo rẹ̀. Ìbíwùmí náà rẹ́rìn-ín, ó sì bọ́ sẹ́yìnkùlé lọ sunkún.

Ìlú ṣọ̀fọ̀ bí Etí ṣe pàṣẹ. Ọ̀fọ̀ náà dára, nítorí pé ọ̀fun gbogbo èèyàn ti tutù. Wọ́n fi ohùn gígùn ké pé erin wó. Ìbíwùmí ló síwájú wọn, òun ni Ẹmẹsẹ̀, ó ń ké pé erin wó, ó sì mọ̀ pé erin wà lókè orí wọn nínú òkùnkùn, ó di ẹyin rẹ̀ mú, tó ń gbọ́ ìró pọ́ǹpù. Kò lè sùn dáadáa mọ́.

Wọ́n ti rò pé omi náà á gbé wọn dé òjò. Kò gbé wọn dé òpin ọyẹ́. Adágún kì í ṣe odò, kò níbi tó ti ń ṣàn wá. Ẹ̀kán ni ó kán jọ síbẹ̀, ẹ̀kán kan lẹ́yìn òmíràn, láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ Òkè-Ìjàrá dó. Bó ṣe ń lọ sílẹ̀, ìjà bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á ti ìró bọ omi nínú ihò, wọ́n á lọ fún un nílé. Fọlárìn wá fi ọkùnrin méjì sẹ́nu ihò kí wọ́n máa tú ara gbogbo ẹni tó bá ń jáde. Níkẹyìn pọ́ǹpù fa afẹ́fẹ́, ó húkọ́, ó dákẹ́.

Etí ní kí Ẹmẹsẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i, kó wo ààfin wò kí wọ́n tó ti ìwé rẹ̀ pa.

Ekuru ló ń sọ lẹ́sẹ̀ Ìbíwùmí níbi tí omi ti dé orúnkún rẹ̀ rí. Òwú ìtẹ́ ti di ẹbu, ó já dànù nígbà tó mí sí i. Ó gbé iná sókè síbi tí àjà ti là, kò rí nǹkan kan. Ó wá a sílẹ̀ sílẹ̀ lára ògiri títí ó fi dé ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ọba ti tẹ̀ lé omi. Bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé e, kò lójú, ọ̀rinrin nìkan ló ń tọ̀, títí ó fi dé ẹnu ọ̀pá pọ́ǹpù, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ kẹ́yìn. Ibẹ̀ ló kú sí. Ó ká gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ẹyin náà.

"Kábíyèsí o," ni Ìbíwùmí wí, ó kúnlẹ̀. "Ẹ forí jì mí."

Ó fi ìka kàn án, ẹsẹ̀ náà ṣẹ́ bíi koríko gbígbẹ, ohun róbótó náà yí bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó rọ̀. Ó gbé e sún mọ́ iná. Nínú òwú tó dì í, àwọn nǹkan tín-ín-rín ń mira.

Ó ti wá sin òkú ni, kò múra sílẹ̀ fún ẹni tó wà láàyè. Ó wo ìró rẹ̀: ó gbẹ, bó bá sì tilẹ̀ tutù, ọyẹ́ á ti gbẹ ẹ́ kó tó dé ìta, àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà á sì tú u wò. Ó wo ilẹ̀, ó wo ògiri. Ó ń wá ibì kan tó ṣókùnkùn, tó sì tutù, ní gbogbo Òkè-Ìjàrá, kò sì rí. Lẹ́yìn náà ló rántí bí ológbò ṣe ń gbé ọmọ.

Ó gbé e sórí ahọ́n, ó sì pa ẹnu dé.

Ekuru ló kọ́kọ́ mọ̀ lẹ́nu. Ó rọra fi ahọ́n tì í sókè, ó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀.

Àwọn ọkùnrin méjèèjì tú ara rẹ̀ wò, wọ́n tú gèlè rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ. Fọlárìn ń dúró dè é pẹ̀lú abọ́ kan. Omi díẹ̀ wà nídìí rẹ̀, pẹ̀lú ẹrẹ̀.

"Èyí tó kù nìyí," ó ní. "Ti Ẹmẹsẹ̀ ni. Mu ún."

Ìbíwùmí mi orí.

"Eyínmẹ́nugún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu díẹ̀," ni Mọrádékẹ́ wí, Omíyalé wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ wo ètè yín."

Ó tún mi orí. Ó na ìka sí ọmọ náà. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ débi pé òórùn omi náà ń dà á láàmú, ó ń bẹ̀rù kí ọ̀fun rẹ̀ má lọ gbé mì fúnra rẹ̀.

"Ẹmẹsẹ̀," ni Etí wí. "Ǹjẹ́ ohun ẹlẹ́mìí kan kù nínú ààfin?"

Òtítọ́ ni pé kò sí nǹkan kan nínú ààfin mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan yìí, òtítọ́ ni ìlú ń fẹ́, òtítọ́ náà ló wà fún un láti sọ, kò sì lè la ẹnu.

"Ẹmẹsẹ̀, ǹjẹ́ ohun ẹlẹ́mìí kan kù?"

Fọlárìn wò ó. Ó wo àgbọ̀n rẹ̀ tó dì pa, ó wo bó ṣe ń fi imú mí. Ìbíwùmí rí i pé ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yí padà. Ó ti mọ̀. Bó bá pariwo báyìí, ẹnu Ìbíwùmí á di ààfin, wọ́n á sì pa afúnrì gbogbo ìlú nítorí omi tí wọ́n ti mu. Ó fi ọwọ́ nu ojú.

"Ọ̀fọ̀ ló ń ṣe," ni Fọlárìn wí fún Etí. "Ẹ má bínú sí i."

"Ẹmẹsẹ̀ nìkan la bi. Ǹjẹ́ ohun ẹlẹ́mìí kan kù?"

Ọyẹ́ fẹ́, kò sẹ́ni tó mira.

"Ó dákẹ́, ó ti gbà," ni Etí wí. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìran ọba yìí ti parí. Ẹ lè máa lọ sílé."

Fọlárìn gbé abọ́ náà fún ìyàwó rẹ̀. Kò sọ pé ó dàbọ̀ fún àbúrò rẹ̀, ó kàn yà kúrò lójú ọ̀nà kó lè kọjá. Ìbíwùmí kọrí sí ìlà oòrùn, síbi tí àwọn òkè mìíràn wà, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá omi wà níbẹ̀. Kò tíì dé ìdí àpáta kejì nígbà tí ohun kan mira. Ẹsẹ̀ tín-ín-rín kan ń kan àjà ẹnu rẹ̀ wò, ó ń wá ibi tó máa so òwú mọ́.